Ogójì Ọ̀rọ̀ Tí Kò Nítumọ̀

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Téèpù. Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé e kọ́rùn lọ sí báńkì, ó ń gbé e kọ́rùn jẹun, ọkọ rẹ̀ sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun bá a lórí ìrọ̀rí. Obìnrin náà mọṣẹ́, ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ara rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ èèyàn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mo ṣe àṣìṣe," ẹ ó ti gbọ́ pé òjò ń rọ̀ lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí òun ló kó o sínú gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì méjì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti wá wọn yunifọ́ọ̀mù tuntun. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Èyí kúkúrú ló kọ́kọ́ dúró. Àǹtí Téèpù yí téèpù mọ́ ọn níbàdí, ó wò ó, ó tún un wò.

"Ìbàdí yín ti fi íǹṣì méjì ju ti èṣí lọ o."

"Ìbàdí ta ni? Téèpù yín ló súnkì, mà."

Nọ́ọ̀sì gíga tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. "Tavelu!" ló pariwo. "Ìwọ yìí, tavelu gidi ni ẹ́!" Èyí kúkúrú dá a lóhùn, èdè tó sì fi dá a lóhùn, bí ẹ bá pe gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n ayé jọ, wọn ò ní lè sọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Téèpù já bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ.

Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbọ́ ọ, ohun tó dẹ́rù bà á nìyẹn. Nínú gbogbo ayé, èèyàn méjì péré ló yẹ kó gbọ́ èdè yẹn, òun sì ni ọ̀kan. "Tavelu" ni obìnrin tó sanra tó wá ń bínú sí téèpù. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ọ̀rọ̀ náà nítumọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ ìyá rẹ̀, lọ́jọ́ tí oníbàárà kan dúró lókè wọn tó ń fìbínú kọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gíga ò mọ̀ pé etí kẹta wà ńbẹ̀. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó sọ lédè náà pé ojú aránṣọ yìí mà le o, àfi bíi kọ́là ẹ̀wù tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Àǹtí Téèpù bẹ̀rẹ̀, ó mú téèpù rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi èdè yẹn kan náà dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Ojú mi lè le, àmọ́ etí mi ò dí."

Ẹ wá wo àwọn nọ́ọ̀sì! Èyí kúkúrú fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Èyí gíga dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà lára wa ni!"

"Lára ta ni?"

"Àwa tí a ń sọ Favuli. Ẹ ti ka ìwé náà, àbí?"

"Ìwé wo?"

Nọ́ọ̀sì gíga ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká kò. *Ìlú Abẹ́ Tábìlì* ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀. Àǹtí Téèpù ka orúkọ náà, orúkọ àbúrò rẹ̀ ni.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ọdún mẹ́sàn-án sì nìyí tí ẹnìkínní ò tíì rójú ẹnìkejì.

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, abẹ́ tábìlì ni ìyá wọn máa ń kó wọn sí kó lè ríṣẹ́ ṣe. Ọmọ méjì lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ oníbàárà níwájú wọn, ọ̀rọ̀ oníbàárà lókè orí wọn, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe bí kò ṣe òfófó? Òfófó yẹn ló di èdè. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Àbúrò ló ń ṣe ìró. Ọmọ yẹn lè jókòó kó máa fi ahọ́n ṣeré títí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí á fi já jáde lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti jáde báyìí, á dákẹ́, á máa wojú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n á dijú, á gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu tọ́ ọ wò, á wá sọ ohun tó túmọ̀ sí. Tó bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn, kò sí ẹjọ́. Òfin kan ṣoṣo tí èdè náà ní nìyẹn: ẹni tó ń ṣe ìró kò gbọdọ̀ fún un nítumọ̀, ẹni tó ń fún un nítumọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ìró. Ìdí sì nìyẹn tí ìjà wọn kì í fi í pẹ́. Tí wọ́n bá jà láàárọ̀, kò ní tíì di ọ̀sán tí ọ̀kan á ti nílò èkejì.

Wọ́n dàgbà, wọ́n jọ ń rán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, wọ́n sì ń fi Favuli ṣẹ̀fẹ̀ oníbàárà lójú ara rẹ̀. Ayé dùn. Àbúrò wá kó àrùn ìwé kíkọ. Á máa fẹsẹ̀ wa máṣíìnì, á máa kọ ìtàn sẹ́yìn pépà tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tó gé aṣọ ìyàwó kan, ó gé ara ẹ̀wù náà, ó gé yẹ̀rì rẹ̀, ó sì gé apá ẹ̀wù kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: aṣọ ìyàwó, ìgbéyàwó ku ọ̀la, apá kan ṣoṣo, aṣọ náà sì ti tán.

Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Téèpù sọ lọ́jọ́ náà wọni lára dé eegun. Ó ní ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́, pé àwọn tó bá ya ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Favuli bẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ láti kékeré. Ńṣe nìyẹn dá kún ìbínú rẹ̀. "Má fi èdè yẹn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé rẹ!" Àbúrò wò ó títí, ó bọ́ téèpù ọrùn tirẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń palẹ̀ pépà mọ́, ó rí èyí tí àbúrò rẹ̀ fi gé aṣọ náà. Òun alára ló ya apá síbẹ̀, tó gbàgbé láti kọ "ẹ̀ẹ̀mejì" sí i. Ọmọ ọlọ́mọ gé ohun tí wọ́n yà fún un ni. Ṣé ó sáré lọ wá a lọ́jọ́ náà? Ó tì o. Ó ká pépà náà, ó jù ú sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó ní ọ̀la lòun máa lọ. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, nígbà tó sì ti pẹ́ jù, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ròyìn àbúrò rẹ̀ fún un, á ní òun ò fẹ́ gbọ́.

Ìyẹn ni kò fi mọ̀ pé ọdún márùn-ún rèé tí gbogbo ìlú ti ń ka ìwé àbúrò rẹ̀.

"Ìtàn àwọn èèyàn kéékèèké kan tí wọ́n ń gbé lábẹ́ tábìlì ńlá ni," nọ́ọ̀sì gíga ń ṣàlàyé, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹsẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ń rí, mà, ẹsẹ̀ wa ni wọ́n fi ń mọ ìwà wa! Àwa ní ilé ìwòsàn, Favuli la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn, kí àyà wọn má baà máa já. Tọkọtaya kan wà tó fi ṣe ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ti fi kọrin. Wọ́n ti ń fi kọ ewì. Sátidé yìí ni ìpàdé wa ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ìdánwò láàárọ̀, tó bá dọ̀sán, ẹni tó kọ ìwé á wá fúnra rẹ̀. Ṣé kí n yá yín ní ìwé tèmi kẹ́ ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dìgbà náà?"

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?" Àǹtí Téèpù fi owó yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n san sílẹ̀ lórí tábìlì láìkà á, ó sì tì wọ́n síta tìrìntìrìn.

Ó délé, ó ń ru bí ìkòkò tó ń hó. Ọkọ rẹ̀, atúnaago-ṣe tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń fi gíláàsì ojú kan wo inú aago ọwọ́ kan.

"Èdè wa! Ó kó o fún gbogbo ayé! Àwọn nọ́ọ̀sì! Àwọn olórin! Ìdajì rẹ̀ tèmi ni o. Gbogbo ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀, orí mi ló ti wá. Mò ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Àbúrò mi ò ní sọ pé òun ò rí mi. Màá dìde láàárín wọn, màá ní olè ni àbúrò mi."

Ọkùnrin náà yọ gíláàsì lójú. "Ṣé ohun tó o fẹ́ gan-an nìyẹn, ìyá wọn?"

"Kí lẹ tún rò pé mo fẹ́?"

"Mo kàn ń béèrè ni. Láti ọdún mẹ́sàn-án, 'ọmọbìnrin yẹn' lò ń pè é. Lónìí, o ti ní 'àbúrò mi' lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ gbájú mọ́ aago yín jàre."

Nígbà tó di Sátidé, ó wọ aṣọ tó le jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó gbé téèpù kọ́rùn, ó gba ilé ìkàwé lọ. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olùṣọ́ ilé ìkàwé fi Favuli kí i káàbọ̀ bí ẹni pé ohun tí wọ́n ń sọ nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń bára wọn jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, Favuli ni wọ́n fi ń jà, wọ́n sì ń dúró ṣí ìwé wò bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn. Obìnrin mìíràn ti hun ọ̀rọ̀ sára ìbòrùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àǹtí Téèpù fẹ́ máa bínú lọ. Ó fẹ́ ẹ gan-an ni. Àmọ́ nígbàkígbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó rántí ọjọ́ tó fún un nítumọ̀, ẹ̀rín á fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu, á tún fa ojú ro.

Nọ́ọ̀sì gíga sáré wá bá a. "Ẹ wá ṣe ìdánwò, mà! Àwọn tó bá gba ọgọ́ta máàkì ló ń jókòó níwájú, àwọn nìkan ló sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé."

"Ẹ gbé e wá," ni Àǹtí Téèpù wí. Àní sẹ́, iwájú gan-an ló fẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú kò pé tó fi ṣe tán. Àwọn yòókù ń họrí, òun ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Ó fi ìwé lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Olórí àwọn olùdánwò, lọ́yà apárí kan tó so táì mọ́rùn pinpin, mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Ó ń máàkì, ó ń mirí.

"Méjìdínlógójì, mà."

"Nínú ogójì?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún."

Ha! Ẹ ò rí ojú obìnrin! Ẹni tó fún èdè nítumọ̀, wọ́n já a nínú ìdánwò èdè náà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ẹ wò ó, tavelu. Mo kọ ọ́ pé obìnrin tó sanra tó ń bínú sí téèpù. Ta ló sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ìtumọ̀ àtijọ́ nìyẹn, mà. Ojú ewé kẹta. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé náà dé orí kẹsàn-án, àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń lò ó fún ẹnikẹ́ni tó bá rí òótọ́ tó wá ń bá ohun tó fi òótọ́ hàn án jà. Àwa náà ti gbé e síwájú sí i. Èmi ti lò ó ní kóòtù fún ẹnìkan tó ń bú ẹlẹ́rìí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i padà?"

"Kò sẹ́ni tó yí i padà. Ó ń rìn lẹ́nu wa ni." Lọ́yà rọra fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, mà. Ẹ lọ kàwé dáadáa, ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ dára púpọ̀, ó kàn dà bíi tàwọn ará àtijọ́ díẹ̀ ni."

Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Inú bí i, ojú tì í, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tí òun máa fún láyè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí lọ́yà wí kò kúrò létí rẹ̀. Ẹni tó rí òótọ́ tó wá ń bá ohun tó fi hàn án jà. Ó mọ dúrọ́ọ̀ tí òótọ́ tirẹ̀ wà. Nọ́ọ̀sì gíga, tó ti yege láti èṣí, fi ìjókòó iwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í kó má baà dá wà.

Àbúrò rẹ̀ wọlé ní aago méjì.

Ó ti fọn. Ó ti ń lo gíláàsì. Ohun tí Àǹtí Téèpù kọ́kọ́ rí ni ẹ̀wù tó wọ̀: èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ, ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́ játijàti. Ta ló rán ìyẹn fún un? Ó ń ṣe é bíi kó dìde lọ tú u kó tún un rán lójú ẹsẹ̀, omi sì dé sí i lójú, òun alára kò mọ ìgbà tó dé.

Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ó ń dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà dìde. Ó gbé ìwé sókè, ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Ọdọọdún la ń béèrè èyí, ọdọọdún lẹ ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ogójì ọ̀rọ̀ ló wà níbí tẹ́ ẹ ò kọ nǹkan kan síwájú wọn. A ti méfò títí, ó ti sú wa. Kí ni ìtumọ̀ wọn?"

Òǹkọ̀wé ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ẹ má rò pé mò ń tàn yín. Mi ò fún ọ̀rọ̀ kankan nítumọ̀ rí láyé mi. Ìró lèmi ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń fún wọn nítumọ̀. Mo kọ ọ́ síwájú ìwé náà, àmọ́ ẹ̀yin kì í ka iwájú ìwé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ níbẹ̀, ó ti wà kí á tó pínyà. Ogójì yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ṣe wọ́n. Mò ń ṣe wọ́n, mò ń fi wọ́n kún ìwé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń tún un tẹ̀, mo sì ń dúró. Àwọn tó ń tẹ̀wé ti wá sọ pé àwọn ò lè tún tẹ ojú ewé òfìfo. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa yọ wọ́n kúrò."

Gbọ̀ngàn hó yèè. "Ẹ fún wọn nítumọ̀ fúnra yín!" ni ẹnìkan pariwo.

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín lè gbé ìtumọ̀ rìn, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé e. Àmọ́ ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ẹni náà kì í ṣe èmi."

Gbogbo èébú tí Àǹtí Téèpù ti kó jọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá wọn títí, kò rí ọ̀kan. Tó bá jókòó síbẹ̀ báyìí, ó parí. Ogójì ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe, tó fi ń wojú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á lọ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n. Ó dìde.

"Ka àkọ́kọ́," ló wí.

Lọ́yà yíjú padà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó yege nìkan ló lè béèrè ọ̀rọ̀."

"Mi ò béèrè ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ dáhùn ni."

Lókè lọ́hùn-ún, òǹkọ̀wé ti yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹ ní kí n má fi èdè wa bá yín sọ̀rọ̀ mọ́," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, máìkì sì gbé e dé gbogbo gbọ̀ngàn.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní láyé mi."

"Mo ní mo mọ̀!" Ó di téèpù mú gírígírí lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa òjò. "Mo ṣe àṣìṣe. Apá aṣọ yẹn, èmi ni mo ya ẹyọ kan, tí mi ò kọ ẹ̀ẹ̀mejì sí i. O gé ohun tí mo yà ni. Mo rí pépà náà lọ́jọ́ kejì."

"Lọ́jọ́ kejì?" Ohùn òǹkọ̀wé yí padà. "Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì? Ọdún mẹ́sàn-án, Àǹtí mi!"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Mo máa ń lálàá apá aṣọ yẹn! Mo sì máa ń bẹ ìyàwó náà lójú àlá!"

"O jàre. Bú mi, màá gbọ́ ọ. Àmọ́ kọ́kọ́ ka àkọ́kọ́, kí ọjọ́ Ajé tó dé."

Kò sẹ́ni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ nípa apá aṣọ. Inú ṣì ń bí òǹkọ̀wé, ó hàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà bí ọmọ ọdún márùn-ún.

"Luzimo."

Àǹtí Téèpù dijú. Ó gbé e sẹ́nu tọ́ ọ wò. "Ẹni tó fi píìnnì kún ẹnu kó má baà dáhùn ohun tí wọ́n bi í."

Bírò lọ́yà ti ń sáré. "Èkejì," ni Àǹtí Téèpù wí.

"Zimbula."

"Ẹ̀wù tí kò bá ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, tí kò sì sẹ́ni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó láti sọ fún un. Irú èyí tó wà lára rẹ yẹn. Ta ló rán an?"

"Mo rà á ni."

"Ó hàn gbangba!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, òǹkọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Kovazi ni tíì tó tutù nítorí pé ìtàn dùn. Pevu ni ẹsẹ̀ oníbàárà tó fẹ́ lọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ́. Wọ́n dé ogún, nọ́ọ̀sì gíga gbé àga fún Àǹtí Téèpù, ó kọ̀, ó ń rìn lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkọkàndínlógójì, ó ti dé iwájú pèpéle, ó ti na ọwọ́ sókè, ó ń tọ́ èjìká ẹ̀wù àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Òǹkọ̀wé wo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Kò kà á.

"Kí ló dé?"

"Nelivo," ló wí, ó rọra wí i.

"Ìgbà wo lo ṣe èyí?"

"Lọ́dún tó kọjá. Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ máṣíìnì yín nínú lọ́hùn-ún. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn, mi ò lè kàn án. Ìgbà tí mò ń padà lọ ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lẹ́nu."

Àǹtí Téèpù dijú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lọ́yà gbé bírò sókè, ó ń dúró, gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró. Nígbà tó lajú, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, kò sì nù ún.

"Rárá," ló wí. "Èyí kò ní nítumọ̀. Ẹ fagi lé e. Mi ò fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè wa. Ìwọ, tó o bá dé ẹnu ọ̀nà mi, kanlẹ̀kùn."

Lọ́yà wo àwọn méjèèjì, ó sì fagi lé e.